Níbo Ló Yẹ kí Sẹ́ńsọ̀ Ọ́síjìn Wà Lára Ọkọ̀ Onítọ́bò?

Nǹkan méjì ni ojú máa ń wò lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ onítọ́bò sórí dáínò, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀. Èkíní ni agbára ẹṣin. Èyí ni ẹni tó ni ọkọ̀ máa ń yà ní fọ́tò, òun náà ló sì fi ń yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èkejì ni lámídà, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ àti epo tí ẹ́ńjìnì ń jó ṣe bára wọn mu sí. Kò sẹ́ni tó ń ya ìyẹn ní fọ́tò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló ń sọ bóyá ẹ́ńjìnì yóò délé ní odindi. Inú sẹ́ńsọ̀ kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n dè mọ́ ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde, ni iye lámídà yìí ti ń wá. Ibi tí wọ́n bá dè é mọ́ ló ń pinnu bóyá òótọ́ ló ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ibi tó yẹ kó wà ti di àríyànjiyàn láàárín àwọn túnà, àwọn tó ń tún ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì ṣe. Àwọn kan ní iwájú tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, ló dára jù, nítorí ibẹ̀ ni èéfín ti ń bọ̀ tààrà láti inú sílíńdà. Àwọn mìíràn ní ẹnu salẹ́ńsà lẹ́yìn ọkọ̀ ti tó, kò sídìí tí èèyàn fi ń lu páìpù olówó ńlá níhò. Láàárín méjèèjì, àwọn ibòmíràn tún wà tí oníkálukú ń jà fún. Ìbéèrè kan wà tí n kì í sábà gbọ́ nínú ariwo náà: bí sẹ́ńsọ̀ bá máa ṣì í kà níbi tí wọ́n fi í sí, apá ibo ni àṣìṣe náà máa kọjú sí? Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ pé epo lásán ni yóò fi ṣòfò. Òmíràn wà tó máa yọ́ písítìnì.

Ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì ló ṣe sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn àkọ́kọ́ fún ọkọ̀, Volvo ló sì kọ́kọ́ lò ó ní 1976 lára àwọn ọkọ̀ tó ń tà ní California, níbi tí òfin èéfín ti le. Ti ayé ìgbà yẹn kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: epo pọ̀ jù, tàbí epo kéré jù. Zirconia ni wọ́n fi ṣe é. Bí ọ́síjìn inú èéfín bá yàtọ̀ sí ti afẹ́fẹ́ ìta, yóò mú iná díẹ̀ jáde, láti bíi 0.1 vólùtì dé 0.9, 0.45 sì ni ojú ààlà. Ìyẹn tó fún ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní títì, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún túnà bí àdàpọ̀ náà ṣe ki tó (tí epo pọ̀) tàbí bó ṣe ṣàn tó (tí epo kéré), bí ẹni ń po ògì. Èyí tí wọ́n ń lò lórí dáínò lóde òní lè ka gbogbo rẹ̀ láti orí kíki dé orí ṣíṣàn. LSU 4.9 ti Bosch lókìkí jù nínú wọn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Yàrá kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí èéfín ń gba ojú ọ̀nà tóóró wọ̀. Iná mànàmáná á máa fa ọ́síjìn jáde nínú yàrá yẹn, tàbí kó máa ti í wọlé, títí inú ibẹ̀ yóò fi dúró ní lámídà 1, níbi tí afẹ́fẹ́ àti epo ti ṣe rẹ́gí, tí ọ̀kan kò lé lórí èkejì. Iye iná tó gbà láti ṣe iṣẹ́ yẹn ni ẹ̀rọ ń kà. Bí èéfín bá ti wà ní lámídà 1 tẹ́lẹ̀, kò síṣẹ́ láti ṣe, iná kankan kò sì ní kọjá. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ iwájú tọ́bò dúró lé.

Fún bẹntiróòlù tí wọn kò pò mọ́ nǹkan kan, kílò 14.7 afẹ́fẹ́ sí kílò kan epo ni lámídà 1. Fún E85, tí ẹtánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò ju bíi 9.8 lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ àwọn túnà tó ń fi lámídà sọ̀rọ̀, nítorí lámídà 0.80 kì í yí ìtumọ̀ padà bí epo bá yí padà. Nígbà tí tọ́bò bá ń fẹ́ tagbára tagbára, ọ̀pọ̀ túnà máa ń fẹ́ kí iye náà wà láàárín 0.78 sí 0.85, nítorí iye tó bá kéré sí 1 ń sọ pé epo lé. Epo tó lé nínú àdàpọ̀ yẹn ló ń dín ooru inú sílíńdà kù, tí kì í jẹ́ kí epo bú gbàmù nígbà tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá mú iwájú tọ́bò wò, inú mánífóòdù ẹ́sọ́ọ̀sì, páìpù tó ń kó èéfín jọ láti inú àwọn sílíńdà. Àwọn tó yàn án ní èéfín ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni, nǹkan kan kò tíì bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bosch kò fẹ́ kí èéfín tó ń kọjá lára LSU 4.9 ju 930°C lọ fún ìgbà pípẹ́, ẹ́ńjìnì onítọ́bò tó ń ṣiṣẹ́ àṣekára sì lè kọjá ìyẹn nínú mánífóòdù. Sẹ́ńsọ̀ náà ní iná inú tó ń mú un gbóná dé nǹkan bíi 780°C, ibẹ̀ ló ti ń ka iye dáadáa. Ó lè mú ara rẹ̀ gbóná, kò lè mú ara rẹ̀ tutù. Bí èéfín bá gbóná jù ú lọ, iye tó ń kà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ náà kò sì ní gùn.

Síbẹ̀, ooru kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Ìfúnpá ni. Tọ́bò dábùú ojú ọ̀nà èéfín, èéfín ní láti fipá kọjá. Nínú ọkọ̀ tí tọ́bò rẹ̀ kéré fún ẹ́ńjìnì, ìfúnpá tó wà nínú mánífóòdù ẹ́sọ́ọ̀sì lè tó ìlọ́po méjì èyí tí tọ́bò ń fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì. Bí ìfúnpá bá pọ̀, èéfín tó ń wọ yàrá kékeré inú sẹ́ńsọ̀ yóò pọ̀ sí i, iná tí yóò ná náà yóò pọ̀ sí i. Sẹ́ńsọ̀ á wá máa sọ àsọdùn: àdàpọ̀ tó ki, á ní ó ki jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó ṣàn, á ní ó ṣàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí lámídà 1 nìkan ni kò ti ní ṣì í, nítorí níbẹ̀ kò síná tó ń kọjá tí ìfúnpá máa fi kún.

Ibi tí ewu wà gan-an rèé. Ká sọ pé túnà ń wá 0.80, 0.80 náà gan-an ni ẹ́ńjìnì sì ń jó. Nítorí ìfúnpá mánífóòdù, sẹ́ńsọ̀ lè kà á sí 0.75. Túnà á ní epo ti pọ̀ jù, á dín in kù títí ojú kọ̀ǹpútà yóò fi sọ 0.80. Nígbà náà, ẹ́ńjìnì ti dé 0.84 tàbí jù bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Agbára ẹṣin tilẹ̀ lè lé díẹ̀, inú gbogbo èèyàn á sì dùn. Ìjókòó sẹ́ńsọ̀ yẹn ń ṣì í sí apá tó ń pa ẹ́ńjìnì, ó sì ń ṣì í jù lọ ní àkókò tí tọ́bò ń fẹ́ jù lọ. N kò mọ ibòmíràn lára ọkọ̀ tí a lè fi í sí tí àṣìṣe rẹ̀ yóò burú tó báyìí.

Ẹnìkan á ní, ṣebí Subaru fi tirẹ̀ síbẹ̀? Òótọ́ ni. Sẹ́ńsọ̀ iwájú Subaru WRX tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 wà nínú mánífóòdù, kí èéfín tó dé tọ́bò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ gbé fún un yàtọ̀ sí iṣẹ́ túnà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, itòsí lámídà 1 ni kọ̀ǹpútà ń lò ó, níbi tí ìfúnpá kì í ti í ṣì í lọ́nà, ibi tó sún mọ́ iná yẹn sì ń jẹ́ kó tètè gbóná láàárọ̀. Tí awakọ̀ bá tẹ tòròtù mọ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà á pa etí rẹ̀ dé, á sì máa fún ẹ́ńjìnì ní epo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Túnà tó bá wá ń wo sẹ́ńsọ̀ yẹn nígbà tí dáínò ń sáré ń bi í léèrè ohun tí wọn kò rán an.

Ìdí kan ṣoṣo wà tí mo gbà pé ó lè gbé èèyàn lọ sí iwájú tọ́bò: kéèyàn fẹ́ mọ ohun tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Àwọn ẹlẹ́ńjìnì eré ìje máa ń fi sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹsẹ̀ mánífóòdù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń wọn ìfúnpá ibẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè ṣírò àsọdùn náà kúrò. Owó ńlá ló ń gbà, àwọn sẹ́ńsọ̀ náà sì máa ń tètè kú. Fún ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé lọ síbi iṣẹ́, kí túnà yọ púlọ́ọ̀gì sílíńdà kọ̀ọ̀kan wò dáadáa, kó fi mọ bó ṣe ń jó.

Lẹ́yìn tọ́bò ni àlàáfíà ti bẹ̀rẹ̀. Tọ́bò ti gba lára agbára èéfín, ooru ti wálẹ̀ dáadáa, ìfúnpá náà ti rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ tiwọn síbẹ̀: Nissan tó ní ẹ́ńjìnì SR20DET àti Mitsubishi Lancer Evolution ní ihò rẹ̀ lára ìgbọ̀nwọ́ irin tí wọ́n dè mọ́ ẹnu tọ́bò, àwọn Volkswagen àti Audi 1.8T, tí Tokunbọ̀ wọn pọ̀ ní títì wa, ní in nínú páìpù tó tẹ̀ lé tọ́bò, kí èéfín tó dé kátálíìsì, ẹ̀yà tó ń sọ èéfín di mímọ́. Ìyẹn kò sọ pé kí túnà lẹ tirẹ̀ mọ́ ẹnu tọ́bò gan-an. Èéfín ibẹ̀ ṣì ń yí bìrìpé nítorí bí abẹ́ tọ́bò ṣe ń lù ú, ooru ibẹ̀ ṣì ga, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wéésìgéètì tún wà níbẹ̀.

Wéésìgéètì ni ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí èéfín díẹ̀ yẹ tọ́bò sílẹ̀ kí tọ́bò má bàa fẹ́ jù. Bí èéfín gbogbo sílíńdà bá dà pọ̀ kí wọ́n tó dé ilẹ̀kùn yẹn, kò sí wàhálà púpọ̀, ohun kan náà ló ń gba ọ̀nà méjèèjì. Ọ̀ràn ń bẹ níbi tí mánífóòdù bá pín sí méjì, tí wéésìgéètì sì ń fa ti sílíńdà 1 àti 4 nìkan, fún àpẹẹrẹ. Sẹ́ńsọ̀ tó wà kí páìpù méjèèjì tó tún pàdé á máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu sílíńdà 2 àti 3 jù. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti pàdé ló yẹ kó wà. Tó bá sì jẹ́ irú èyí tó ń tu èéfín wéésìgéètì sí ìta gbangba pẹ̀lú ariwo tó ń dí aráàlé létí, ibi ìpàdé kò sí nìyẹn, kí túnà fọkàn sí i pé apá kan ọ̀rọ̀ lòun ń gbọ́.

Ibi tí mo fọwọ́ sí ni dáúnpáìpù, ìyẹn páìpù tó ń sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn tọ́bò. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ nínú ìwé tó ń bá gééjì tó ń fi lámídà hàn wá wà láàárín bíi 45 sẹ̀ǹtímítà sí 90 sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu tọ́bò, ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú kátálíìsì. Níbẹ̀, èéfín ti dà pọ̀, ooru ti fara rọ̀, kò sì tíì jìnnà tó láti pẹ́ kó tó débẹ̀. Kí wẹ́dà jó ojú nọ́ọ̀tì 18 mílímítà mọ́ páìpù, ẹsẹ̀ skúrù rẹ̀ 1.5 mílímítà, ìyẹn ni ti Bosch. Kó má ṣe jó o sí ìsàlẹ̀ páìpù láéláé. Omi máa ń wà nínú èéfín, abẹ́ páìpù ló sì máa ń kó sí nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná. Ìkán omi kan tó bá bá sẹ́ńsọ̀ tó ti gbóná ju 700°C lọ lè fọ́ ojú rẹ̀. Bosch ní kó fi ó kéré tán 10° ga ju ìbú lọ, kí orí rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Bí a bá fojú aago wo páìpù náà, láàárín aago mẹ́wàá sí aago méjì ni. Ìdí yìí kan náà ni kò fi yẹ kí èèyàn tan iná sẹ́ńsọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì kò tíì dáná. Òdìkejì rẹ̀ náà kò dára: tí sẹ́ńsọ̀ bá wà nínú páìpù tí iná rẹ̀ kò tàn, èédú á bò ó.

Lẹ́yìn kátálíìsì, ọ̀rọ̀ kò gùn. Kátálíìsì máa ń tọ́jú ọ́síjìn pamọ́, á sì máa tú u jáde nígbà tó bá wù ú, nítorí náà ìyípadà kíákíá kò ní fara hàn lákòókò. Ó tún ń pa háídírójìn inú èéfín dà, háídírójìn sì wà lára ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń fi mọ̀ pé epo pọ̀. Nínú ìwọ̀n tó dúró sójú kan, iye tí yóò kà kò ní jìnnà púpọ̀ sí òótọ́, ṣùgbọ́n n kò ní fi ọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀.

Ẹnu salẹ́ńsà ni ìjà ti pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ilé dáínò púpọ̀ máa ń ki páìpù tiwọn sí. Wọn kò ní lu ọkọ̀ oníbàárà níhò, iṣẹ́ sì ń yá. Ẹ̀sùn tí wọ́n sábà fi kàn án ni pé ó jìnnà, pé ohun tó ń kà ti pẹ́. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Páìpù mílímítà 63 tó gùn ní mítà mẹ́ta gba nǹkan bíi lítà mẹ́sàn-án. Nínú ẹ́ńjìnì lítà méjì tó wà lórí ìdúró, tí a kò tẹ̀ rárá, èéfín á gbà tó sẹ́kọ́ńdù kan kó tó gba ibẹ̀ jáde, yóò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ tí a bá ka inú salẹ́ńsà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní 6000 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), tí tọ́bò ń fẹ́ báà kan, kò gbà tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́kọ́ńdù. Ìyẹn ni pé gígùn páìpù ọkọ̀ kì í ṣe ìṣòro lásìkò tí gbogbo èèyàn ń pariwo pé ó jẹ́ ìṣòro. Orí ìdúró àti ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni ó ti ń dá nǹkan rú.

Ìdádúró gidi wà níbòmíràn. Àwọn dáínò kan wà tí sẹ́ńsọ̀ wọn kò sí nínú salẹ́ńsà rárá. Pọ́ǹpù ló ń gba ọ̀nà rọ́bà tóóró fa èéfín dé inú àpótí tí sẹ́ńsọ̀ wà, rọ́bà yẹn sì lè fi sẹ́kọ́ńdù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Tí ọkọ̀ bá ń ti 3000 RPM sáré dé 7000 láàárín sẹ́kọ́ńdù mẹ́jọ, sẹ́kọ́ńdù kan jẹ́ 500 RPM. Ibi tí epo ti kéré ní 5000, ìwé èsì á fi hàn ní 5500, túnà á lọ fi epo kún ibi tí ebi kò pa. Dáínò tó ní bíréèkì, tó lè di ọkọ̀ mú sí 4000 RPM lójú kan títí iye náà yóò fi rọlẹ̀, kì í jìyà èyí. Èyí tó jẹ́ pé rólà wúwo nìkan ni ọkọ̀ ń yí, tí kò lè dì í mú, òun ni ìdádúró ń pa lára jù.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà lórí ìdúró, afẹ́fẹ́ ìta tún máa ń fà wọ ẹnu salẹ́ńsà padà láàárín ìmí kan sí èkejì, sẹ́ńsọ̀ á wá sọ pé epo kéré. Kí wọ́n ki í wọlé jìnnà, kì í ṣe kó kàn dúró lẹ́nu. Ihò kékeré níbi ìsopọ̀ páìpù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Apá ibo ni àṣìṣe wọ̀nyí kọjú sí? Wọ́n ń jẹ́ kí túnà fi epo kún un, ẹ́ńjìnì á mu epo jù, púlọ́ọ̀gì á dúdú. Kò dára, àmọ́ kò yọ́ písítìnì. Nítorí èyí ni mo fi gba ẹnu salẹ́ńsà ju iwájú tọ́bò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ẹ bá tilẹ̀ fi sẹ́ńsọ̀ sí ibi tó dára jù, àwọn irọ́ kan wà tí ìjókòó kò lè wò sàn. Sílíńdà tí iná kò ṣẹ́ nínú rẹ̀ á tú ọ́síjìn tí kò jó jáde, sẹ́ńsọ̀ á pè é ní epo kéré, nígbà tó jẹ́ pé epo náà wà níbẹ̀ tí kò gbiná. Túnà tí kò fura á fi epo kún un, àìṣẹ́ná náà á sì le sí i. Àwọn ẹ́ńjìnì òde òní tó ń tu epo tààrà sínú sílíńdà náà ní tiwọn: ní RPM kékeré, wọ́n máa ń ṣí fáàfù àtiwọlé àti àtijáde pa pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ kọjá, kí tọ́bò lè tètè jí. Afẹ́fẹ́ tútù yẹn ń dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ láìbá epo pàdé, nítorí náà ohun tó jó nínú sílíńdà ki ju ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń kà lọ.

Ọ̀rọ̀ wáyà kò ṣeé fojú fò, pàápàá lọ́dọ̀ wa níbi tí rìwáyà ti máa ń gé ohunkóhun tó bá dí i lọ́wọ́. Nínú sókẹ́ẹ̀tì LSU 4.9, ẹ̀yà kékeré kan wà tí ilé iṣẹ́ ti wọn fún sẹ́ńsọ̀ yẹn nìkan. Ẹni tó bá gé sókẹ́ẹ̀tì náà dànù tó sì so wáyà pọ̀ ti gé ìwọ̀n rẹ̀ dànù pẹ̀lú. Sẹ́ńsọ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́, á ṣì máa sọ iye, irọ́ ni. Wáyà ilẹ̀ tí kò dára náà lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́: bí gééjì bá ń fi 0 sí 5 vólùtì sọ kílò 10 sí 20 afẹ́fẹ́ sí kílò kan epo, ìyàtọ̀ 0.1 vólùtì ti sún iye náà ní 0.2. Kí ẹ sì má fi gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù dí páìpù èéfín, ó ń pa sẹ́ńsọ̀. Òjé náà ń pa á. Epo olójé ti kúrò ní títì ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2006, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú epo ọkọ̀ òfurufú tí àwọn kan ń pò mọ́ bẹntiróòlù fún eré ìje.

Fún ọkọ̀ tó ní tọ́bò méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀, sẹ́ńsọ̀ méjì ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀kan á tó.

Ẹ̀yin tó ń gbé ọkọ̀ yín lọ sórí dáínò, ẹ béèrè kí wọ́n tó gbé e gun rólà: níbo lẹ máa fi sẹ́ńsọ̀ sí? Bí wọ́n bá ní iwájú tọ́bò, tí wọn kò sì ní ohun tó ń wọn ìfúnpá ibẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò. Bí wọ́n bá ní ẹnu salẹ́ńsà, ẹ ní kí wẹ́dà jó ojú nọ́ọ̀tì mọ́ dáúnpáìpù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi sẹ́ńsọ̀ àti gééjì sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí ooru ojú títì kò rí bíi ti inú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n bá fún yín ní ìwé èsì, ẹ ní kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti ka lámídà náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.